Ara tó ń ro láìdáwọ́ dúró nítorí eré ìdárayá: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Àbíkẹ́_Alágbàká
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ sí jíìmù lẹ́yìn iṣẹ́, mo sì ń bá ẹgbẹ́ kan sáré ní àárọ̀ Àbámẹ́ta. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, ara ò sì fìgbà kan rọ̀ mí. Bí itan bá ń lọ sílẹ̀, èjìká á gbà á. Bí èjìká bá sàn, ìdí àti ẹ̀yìn ojúgun á tún bẹ̀rẹ̀. Mo lé ní ogójì ọdún, mo wọn kílò 72, mi ò ní àìsàn kankan tí mo mọ̀. Ẹni tó ń kọ́ wa ní bí ara ò bá ro èèyàn, eré lásán ló ń ṣe. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ìpara wo, oògùn wo, oúnjẹ wo ló lè gbà mí?

Kóòṣì_ÒkèÀró
Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ kú ìsapá. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń kọ́ yín, ọ̀rọ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ríro kì í ṣe òṣùwọ̀n iṣẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé iṣan rí iṣẹ́ tí kò mọ̀ rí, tàbí pé iṣẹ́ kejì dé bá a kó tó tún ti àkọ́kọ́ ṣe tán. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ń tẹ̀síwájú, ẹ wò ó bóyá irin tí ẹ ń gbé ń wúwo sí i, bóyá àtẹ̀gùn tí ẹ ń gùn kò mú yín mí hẹlẹhẹlẹ mọ́. Èèyàn lè lágbára sí i fún oṣù mélòó kan kí ara má ro ó ju ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìgbà tí iṣan bá ń na lábẹ́ ẹrù ló máa ń pa á lára jù: ìgbà tí ẹ bá ń sọ irin kalẹ̀, tí ẹ bá ń lóṣòó lọ sílẹ̀, tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Àwọn fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín inú rẹ̀ á ya díẹ̀díẹ̀, ara á sì rán ẹ̀jẹ̀ àti omi lọ síbẹ̀ láti tún un ṣe. Kì í dùn lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó wákàtí 12 sí 24 kó tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí 24 sí 72 ni ó máa ń le jù, ó sì yẹ kó ti lọ tán kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ wá fi èyí wo ètò yín. Bí ẹ bá lóṣòó pẹ̀lú irin ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ọjọ́rú ni itan yín máa ro jù. Bí ẹ bá tún lóṣòó lọ́jọ́ náà, inú ọgbẹ́ tuntun ni ẹ ń gbé ẹrù sí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí èèyàn yẹ kàlẹ́ńdà rẹ̀ wò kó tó yẹ ìpara wò. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ sọ fún wa: kí ni ẹ ń ṣe lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀tì mélòó (ìyẹn ìpele eré tí ẹ ń ṣe kí ẹ tó sinmi), wákàtí mélòó ni ẹ sì ń sùn?

Bọ̀dá_Sùúrù
Ásíìdì láátíìkì, èyí tí iṣan ń pèsè nígbà eré, ló ṣẹ́kù sínú ẹran ara yẹn. Kí ẹ sáré sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì kó lè bá òógùn jáde, kí ẹ sì mu agbo ara ríro ife kan lálẹ́. Kò sí ohun tí agbo wa kò lè lé lọ.

Físíò_Oǹdó
Bọ̀dá Sùúrù, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni ti ásíìdì yẹn. Nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn eré, ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ara fúnra rẹ̀ ló ń sun ún bí epo. Ohun tó ti lọ ní aago méje alẹ́ kò lè jẹ́ ẹni tó ń ta yín ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Kò sì sí ohun tí òógùn fẹ́ gbé jáde. Ìrìn fẹ́ẹ́rẹ́ máa ń mú kí ara rọ̀ lóòótọ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń sáré, ìmọ̀lára ìrora á sì rẹlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ ìrìn ni mo wí, kì í ṣe eré sísá líle.

Ti agbo, àwọn tó mọ oògùn yóò dáhùn. Èmi fẹ́ kí á kọ́kọ́ ya irora kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, nítorí pé gbogbo ohun tó ń dunni kọ́ ni ara ríro.

Ara ríro ti eré máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, itan ọ̀tún àti òsì. Ó máa ń gba ààyè tó fẹ̀ nínú ẹran, ẹ ò lè fi ìka kan tọ́ka sí i. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á dùn; bí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, á dákẹ́; bí ẹ bá rìn fún ìṣẹ́jú 10, á fẹ́ẹ́ rọ̀.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, tó sì dún pàù tàbí tó gún yín lójijì nínú eré, iṣan lè ti ya gan-an. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú kan lórí egungun, bí iwájú ojúgun, tó ń dunni sí i bí ẹ bá ṣe ń sáré tó sì tún ń dunni lóru, egungun lè ti ń sán. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ okùn iṣan tó wà lókè gìgísẹ̀, tó le ní àárọ̀ tó sì ń rọ̀ lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mélòó kan, okùn iṣan ló ti gba ìnira; ìsinmi nìkan kì í wò ó, ó nílò eré tí a tò fún un. Bí ẹ̀yìn ojúgun ẹsẹ̀ kan bá wú, tó gbóná, tó sì pọ́n, pàápàá lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn nínú mọ́tò, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀. Ẹ má ra á, ẹ má wọ́ ọ.

Àbíkẹ́_Alágbàká
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ara ni a ń ṣe lójoojúmọ́, sẹ́ẹ̀tì mẹ́rin mẹ́rin, títí tí apá ò fi ní lè gbé e mọ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni olùkọ́ wa ń mú eré tuntun wá láti orí fídíò. Oorun mi ò ju wákàtí márùn-ún lọ. Mi ò kì í jẹun àárọ̀.

Kóòṣì_ÒkèÀró
Ẹ ti dá ara yín lóhùn. Nǹkan mẹ́rin ló para pọ̀ níbẹ̀: kò sí àlàfo láàárín iṣẹ́, sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ń lọ títí dé òpin agbára, eré ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, oorun àti oúnjẹ kò sì tó láti tún ara ṣe.

Ti fídíò tuntun yẹn ni kí n kọ́kọ́ mú, nítorí pé òun ni àwọn èèyàn kì í fura sí. Iṣan máa ń kọ́ iṣẹ́. Bí ẹ bá ṣe eré kan lẹ́ẹ̀kan tó sì ro yín, bí ẹ bá padà ṣe irú rẹ̀ gan-an lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìrora rẹ̀ á kéré púpọ̀, ààbò yẹn sì lè wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ eré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń da ẹ̀kọ́ náà nù, ọjọ́ kìíní ló máa ń wà nígbà gbogbo. Ẹ mú eré mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ dúró tì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán. Ó lè sú yín díẹ̀. Kò burú.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ dín ohun gbogbo kù sí ìdajì: sẹ́ẹ̀tì méjì dípò mẹ́rin, irin tó fúyẹ́. Ẹ má dúró pátápátá, àìṣe nǹkan kan rárá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta máa sọ yín di àlejò ní jíìmù, ara sì lè tún ro yín bí ẹ bá padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ Ajé, itan àti ìdí. Ìṣẹ́gun, ìrìn ìṣẹ́jú 30, irú èyí tí ẹ fi lè máa bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ọjọ́rú, àyà, èjìká àti apá. Ọjọ́bọ̀, ìsinmi. Ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀yìn àti ikùn, kí ẹ má fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rárá nítorí eré Àbámẹ́ta. Àìkú, ìsinmi. Ẹni tó bá ṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì ní alẹ́ Ẹtì kò gbọdọ̀ sáré láàárọ̀ Àbámẹ́ta. Ẹ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kí ẹ lọ sùn. Kí wákàtí 48 ó kéré tán wà láàárín iṣẹ́ líle méjì fún iṣan kan náà.

Nínú sẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé irin sílẹ̀ nígbà tó bá ku méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ṣì lè ṣe. Lílọ títí apá á fi gbọ̀n ní gbogbo sẹ́ẹ̀tì kò fi bẹ́ẹ̀ fi agbára kún un, ọgbẹ́ ni ó ń fi kún un. Ẹ ka méjì sí mẹ́ta nígbà tí ẹ bá ń sọ irin kalẹ̀, ẹ má jù ú sílẹ̀ pàdé ilẹ̀, ẹ má sì fà á lọ títí dé márùn-ún àti mẹ́fà ní oṣù àkọ́kọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa fi kún un lẹ́ẹ̀kan náà: bóyá ìwọ̀n irin, bóyá iye ìgbà, bóyá sẹ́ẹ̀tì. Fún eré sísá, bí kílómítà 10 ni lọ́sẹ̀ yìí, kó má ju 11 lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin kọ̀ọ̀kan, ẹ tún padà sí ìdajì.

Ìyá_Olóúnjẹ
Ọmọ mi, má fi ebi pa ara rẹ lẹ́yìn tí o ti fi irin pa á. Ẹni tó bá ń gbé irin nílò púrótéènì bíi gíráàmù 1.6 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Kílò 72 á jẹ́ gíráàmù 115 lójúmọ́. Ó dà bí ẹni pé ó pọ̀, àmọ́ ẹ wò ó: ẹyin sísè mẹ́ta láàárọ̀, nǹkan bíi 18. Ẹ̀wà sísè ife kan lọ́sàn-án, bíi 15, pẹ̀lú ẹja Titus gíráàmù 100, bíi 20. Ẹran adìyẹ gíráàmù 100 lálẹ́, bíi 27. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, 7. Ìyẹn ti di 87. Ẹ̀gúsí, búrẹ́dì, ẹ̀fọ́ àti iṣu á fi ìyókù kún un. Kò dìgbà tí a bá ra pọ́dà olówó gọbọi.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí èèyàn pa ebi títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, kó wá kó gbogbo rẹ̀ sí alẹ́. Ara á lò ó dáadáa bí ẹ bá pín in: 20 sí 30 nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan.

Àwọn olùkọ́ jíìmù kan ń bú iyán. Ará Oǹdó kò ní gbà fún wọn, èmi náà ò gbà. Oúnjẹ tó ń fúnni lókun ni iṣan fi ń kún àpò agbára rẹ̀ tó ti gbẹ. Ẹ jẹ́ kí iyán dín, kí ẹja àti ẹ̀fọ́ inú ọbẹ̀ pọ̀. Gàrí mímu nìkan lẹ́yìn jíìmù kò kọ́ ohun kankan. Ẹ da ẹ̀pà àti mílíìkì sí i, ó ti yàtọ̀.

Omi ńkọ́? Bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ wọn ara yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ẹ bá parí, pẹ̀lú aṣọ fúúyẹ́. Kílò kan tó bá lọ jẹ́ omi nǹkan bíi lítà kan, ẹ sì máa fi lítà kan àbọ̀ dá a padà díẹ̀díẹ̀, ìyẹn omi inú ọ̀rá 50cl mẹ́ta. Bí eré náà bá ju wákàtí kan lọ nínú oòrùn oṣù Kejì àti Kẹta, ẹ lè po omi iyọ̀ àti ṣúgà: lítà kan omi mímọ́, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí a gé lójú, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Kí iyọ̀ má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ẹ má po ti yín láìbéèrè.

Apòògùn_Àkúrẹ́
Ẹ jẹ́ kí n wọlé sí ti oògùn àti agbo.

Parasítámọ́ọ̀lù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, bí ìrora bá le débi tí ẹ ò lè sùn. Ẹyọ méjì oní-500mg, kí wákàtí mẹ́fà kọjá kó tó di òmíràn, kó má ju ẹyọ mẹ́jọ lọ nínú wákàtí 24. Ẹni tó ń mu ọtí púpọ̀ tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dára ní láti béèrè kó tó lò ó. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n á lo parasítámọ́ọ̀lù, wọ́n á tún lo oògùn ọ̀fìnkìn àti oògùn "ara ríro" mìíràn tó jẹ́ pé parasítámọ́ọ̀lù kan náà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí.

Ibuprofen àti diclofenac kò dára fún ojoojúmọ́. Wọ́n ń mú ìrora fúyẹ́, wọ́n sì lè ṣe ọgbẹ́ sínú ikùn, wọ́n lè dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù. Bí òógùn bá ti gbẹ omi ara yín, tí ẹ sì gbé e mì lẹ́yìn eré, kíndìnrín á gba ìyà méjì. Kí ẹ má gbé e mì kí eré tó bẹ̀rẹ̀ "kó má baà dùn" rárá. Ìrora tí ẹ ò gbọ́ ni ẹ ń fi gbé ẹrù tó pọ̀ jù. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, 200mg sí 400mg pẹ̀lú oúnjẹ, kó má ju 1200mg lọ lójúmọ́, kó má sì ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ikọ́ fée, àìsàn kíndìnrín, oyún, tàbí tó ń lo lisinopril àti oògùn tó ń múni tọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má fọwọ́ kàn án láìbéèrè.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn àdàlù inú ọ̀rá kékeré, ẹyọ funfun kan, pupa kan, yẹ́lò kan, tí kò ní orúkọ. Ó máa ń ṣiṣẹ́ kíá nítorí pé sítẹ́rọ́ọ̀dù lè wà nínú rẹ̀, ìyẹn sì ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́ bí ẹ bá ń lò ó lọ, ó ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ga. Tramadol kì í ṣe oògùn eré ìdárayá.

Bọ̀dá Sùúrù, mi ò bá agbo jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kì í mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú èyí tí wọ́n ń gbé káàkiri, àwọn kan ni wọ́n fi ọtí líle rẹ. Ọtí lẹ́yìn eré ń dí àtúnṣe iṣan lọ́wọ́, ó ń gbẹ omi ara, ó ń ba oorun jẹ́. Kí ẹ wá da diclofenac pọ̀ mọ́ ọn, ikùn ló máa gbà á.

Oògùn méjì mìíràn tí mo máa ń béèrè nípa wọn bí ara bá ro ẹnìkan láìnídìí: oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ parí sí "statin", àti ciprofloxacin pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀. Àkọ́kọ́ lè mú iṣan ro. Èkejì lè sọ okùn iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ di ẹlẹgẹ́ débi tó fi lè já. Àwa tí a ń gbé "sípúró" mì fún gbogbo inú rírun, ẹ rántí èyí. Bí okùn gìgísẹ̀ bá ń dùn nígbà tí ẹ ń lò ó, ẹ dá eré dúró, ẹ pe ẹni tó kọ oògùn fún yín.

Ìpara gbígbóná àti róòbù? Wọ́n ń tan ìmọ̀lára jẹ ni, ẹ lè lò wọ́n. Ẹ má fi aṣọ gbígbóná bò ó lórí, awọ máa ń jó. Fítámì C ọlọ́pọ̀ kò dín ìrora yìí kù ní ìwọ̀n tó ṣe pàtàkì.

Físíò_Oǹdó
Ẹ ṣé, Apòògùn. Èmi á fi ti ọwọ́ kún un.

Nína ara: ọ̀pọ̀ ló gbàgbọ́ pé bí a bá na iṣan ṣáájú eré àti lẹ́yìn rẹ̀, ara kò ní ro. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti kó jọ fi hàn pé ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré débi pé ẹ lè má mọ̀ ọ́n. Ẹ nà bó bá wù yín. Èyí tó wúlò ṣáájú eré ni mímú ara gbóná, ìṣẹ́jú 8 sí 10: ìrìn kíákíá, lẹ́yìn náà eré tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an láìgbé irin.

Òrí: ra iṣan náà fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, láti ìsàlẹ̀ wá sókè síhà ọkàn, kó má dunni ju ohun tí ẹ lè fara dà láìdi eyín. Fífi igbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí èèyàn á fi ké kò mú un yá, ó ń fi ọgbẹ́ lé ọgbẹ́. Ẹni tí kò ní ẹni tó máa ra á, kó gé páìpù PVC oní-ínṣì mẹ́rin, gígùn rẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ kan, kó fi tówẹ́ẹ̀lì wé e, kó wá fi itan yí lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ẹ má yí i lórí egungun ẹ̀yìn tàbí orúnkún.

Omi tútù: ìwọ̀n tí wọ́n fi dán an wò ni dígíríì 10 sí 15, fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Omi wa tó wà nínú dọ́rọ́ọ̀mù máa ń tó 26. Lítà 20 nínú ọpọ́n ńlá pẹ̀lú omi inú ọ̀rá mẹ́fà tó ti dì gan-an yóò mú un wá sí bíi 13. Ẹ ki ẹsẹ̀ sí i, ẹ má fi yìnyín kan awọ lásán. Àmọ́ bí ẹ bá ń gbé irin kí iṣan lè tóbi, ẹ má máa ṣe é lẹ́yìn gbogbo ìgbà, ó ń dín ìdàgbàsókè iṣan kù. Ẹ fi í pa mọ́ fún ìdíje tó tẹ̀ léra.

Ìgbóná: aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná, ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ó dára fún ara ríro lásán. Kò dára fún ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú láàárín ọjọ́ méjì. Aláìsàn àtọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, kó má fi ẹsẹ̀ yẹn dán omi gbígbóná wò.

Láti inú gbogbo èyí, oorun wákàtí 7 sí 9 ni mo fẹ́ràn jù. Kò wọ́n, kò sì ní páálí.

Ọmọ_FUTA
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọjọ́. Kíláàsì wa fẹ́ gun Òkè Ìdànrè lópin oṣù. Àwọn tó lọ tẹ́lẹ̀ sọ pé wọn ò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ kẹta. Kí ni a lè ṣe ṣáájú?

Amọ̀nà_Òkè
Àbúrò, àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Gígùn rẹ̀ ló ń mú yín mí, sísọ̀ kalẹ̀ rẹ̀ ló ń pa itan. Iṣan iwájú itan ló ń dá ara yín dúró nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń na lábẹ́ ìwọ̀n gbogbo ara, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Ibi tí Kóòṣì ti ṣàlàyé lókè yẹn gan-an ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú. Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́fà dùbúlẹ̀, gíga rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 15. Ẹ dúró lórí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ fi ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gìgísẹ̀ á fi kan ilẹ̀, ẹ ka mẹ́ta bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ gòkè padà. Mẹ́jọ fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀tì méjì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Kí orúnkún má wọ́ sínú. Ẹ parí rẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ìrìn àjò, kí ara ti sàn.

Lọ́jọ́ náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Nígbà sísọ̀ kalẹ̀, ìṣísẹ̀ kékeré, orúnkún rọ̀, ẹ má fi gìgísẹ̀ gbá àtẹ̀gùn. Ẹ máa yí ẹ̀gbẹ́ sí i níbi tó bá ga. Bàtà sílípáàsì kì í ṣe bàtà òkè. Àti pé eré àsáré kalẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ń dá láti fi han àwọn ọmọbìnrin, òun ló ń fa ìrora jù.

Ẹni tó bá jẹ́ AS nínú yín, kó mu omi dáadáa, kó má bá ẹnikẹ́ni díje gòkè nínú oòrùn, kó jókòó bí ara rẹ̀ bá sú. SS kò gbọdọ̀ gùn ún láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì_ỌjàỌba
Mo fẹ́ kí ẹ má gbàgbé ibà. Ara ríro pẹ̀lú òtútù, orí fífọ́, ẹnu kíkorò tàbí ara gbígbóná kì í ṣe ti jíìmù. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ìka gún, kí ẹ tó gbé oògùn ibà mì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má gbé oògùn ibà mì nítorí itan tó ń ro lẹ́yìn ìlóṣòó.

Èyí tó léwu jù nìyí. Bí iṣan bá wú le gbandi, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kò lágbára mọ́, tí ìtọ̀ sì dúdú bí tíì tàbí bíi sobo, iṣan ti ń yọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dá kíndìnrín dúró. Ó wọ́pọ̀ lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ìlóṣòó ọgọ́rùn-ún jẹ níyà, nínú oòrùn, láìsí omi. Kì í ṣe ohun tí a ń fi òrí ra. Ẹ má gbé ibuprofen mì. Ẹ lọ sí pàjáwìrì UNIMEDTH (ilé ìwòsàn yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn) ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, èyí tó bá sún mọ́ yín, lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ irú eré tí ẹ ṣe fún wọn.

Bákan náà, àyà tó ń fún èèyàn pinpin nínú eré, tó ń lọ sí apá òsì tàbí àgbọ̀n, kì í ṣe àyà ríro ti púṣọ́ọ̀pù.

Àbíkẹ́_Alágbàká
Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ku ìkan: ọ̀la ni ọjọ́ ẹsẹ̀, itan mi ṣì ń ro. Ṣé kí n lọ?

Kóòṣì_ÒkèÀró
Ẹ dán an wò láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ jókòó sórí àga lásán, ẹ dìde láìfọwọ́ tì, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ fún ìrora náà ní nọ́ńbà láti 0 dé 10. Bí kò bá ju 3 lọ, tó sì ń rọ̀ bí ẹ ti ń ṣe é, ẹ lọ, ẹ ṣe sẹ́ẹ̀tì méjì. Bí ó bá jẹ́ 4 sí 6, ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, ẹ ṣe ti apá, kí ẹ rin ìṣẹ́jú 20. Bí ó bá jẹ́ 7 sókè, tàbí ẹ ń tiro, ẹ jókòó sílé. Bí 7 yẹn bá ṣì wà lẹ́yìn ọjọ́ méje láìjẹ́ pé ẹ fi nǹkan kún un, ẹ lọ bá Físíò.

Físíò_Oǹdó
Kí ẹ sì mú orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò wá, àti ti agbo.